Ẹnu Àáké Là Ń Wò, Oyin Ń Bẹ Nínú Àpáta

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀rọ̀ náà kò fara sin: oyin dùn, àpáta le, bí ẹnu àáké bá sì kán níbi tí a ti ń wá adùn, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣebí torí iṣẹ́ ni alágbẹ̀dẹ ṣe rọ ọ́. Àmọ́ àwọn tó pa òwe yìí kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ aráyé yóò jókòó síwájú àpáta, tí yóò kó oríṣiríṣi àáké kalẹ̀, tí yóò máa fi ìka tọ́ ẹnu wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa bi gbogbo ẹni tó ń kọjá léèrè èwo ló mú jù, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí oyin yóò sì wà níbi tó wà. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo àwọn ọ̀dọ́ tó ní àwọn fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà ṣe orin nínú yàrá, láti Múṣín dé Ìbàdàn, láti Peckham dé Houston. Wọn ò lówó lọ́wọ́, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé ìwọ̀nba owó tó wà, àáké ni wọ́n ń fi rà. Ìwọ̀nba àkókò tó wà, ẹnu àáké ni wọ́n ń fi wò.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Ọ̀dọ́ kan gbọ́ orin tó wọ̀ ọ́ lára, ó ní òun náà yóò di pródúsà. Dípò kó ṣí kọ̀ǹpútà tó ti wà nílé, orí YouTube ló gbà lọ, níbi tí òyìnbó kan tí sípíkà yí ká bí odi ti ń ṣàlàyé fún un pé ohun èlò márùn-ún kan wà tí èèyàn kò lè ṣe pródúsà láìní wọn. Ó kọ orúkọ márààrún sílẹ̀. Fídíò kejì ní kò sí èyí tó dára nínú márùn-ún ti àkọ́kọ́, ó sì dárúkọ márùn-ún mìíràn. Oṣù ń gorí oṣù. Ọmọ wa ti mọ ìyàtọ̀ láàárín máìkì condenser àti dynamic. Ó lè fi gbogbo ọ̀sán jiyàn pé gbígba ohùn sílẹ̀ ní 192 kHz dára ju ti 44.1 kHz lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé íàpíìsì Bluetooth tó fi ń gbọ́ orin ti fún gbogbo ohùn náà pọ̀ kó tó dé etí rẹ̀. Ó ti ní orúkọ ìnagijẹ, ó ti ní àmì ìdánimọ̀, ó tilẹ̀ ti sanwó fún ọmọge kan kó bá a fi ohùn dídùn pe orúkọ rẹ̀, èyí tí yóò máa dún níbẹ̀rẹ̀ gbogbo bíìtì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni bíìtì tí orúkọ náà yóò ti máa dún.

Bẹ́ẹ̀, ìtàn orin tí wọ́n fẹ́ràn yìí gan-an kò ti ìwà wọn lẹ́yìn. Ní 1981, ilé-iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tó ń jẹ́ TB-303. Èrò wọn ni pé onígìtá tí kò rẹ́ni bá a ta béèsì lè máa fi ẹ̀rọ náà dánra wò. Ẹ̀rọ náà kò dún bí gìtá béèsì rárá, bí wọ́n ṣe ń to orin sínú rẹ̀ sì ń fọ́ni lórí. Àwọn olórin kẹ̀yìn sí i. Nígbà tó di 1984, Roland ò ṣe é mọ́. Ó di ọjà àlòkù tí ẹni tó ni ín ń wá ẹni tí yóò gbé e kúrò nílé. Ní Chicago, àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ mẹ́ta kan, DJ Pierre, Spanky àti Herb J, tí wọ́n pe ara wọn ní Phuture, rí ọ̀kan rà ní pọ́ọ́kú. Wọn ò fi ṣe ohun tí àwọn tó rọ ọ́ ní lọ́kàn. Wọ́n kàn ń yí bọ́tìnnì rẹ̀ bó ṣe ń dún lọ ni. Igbe tó ń lọ́ bí ejò tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n fi ṣe “Acid Tracks” ní 1987, orin tí wọ́n ń tọ́ka sí bí orísun acid house, ijó tó gba ìgboro ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bákan náà ni TR-808, ẹ̀rọ ìlù tí Roland ṣe láti 1980 sí 1983, tí iye rẹ̀ kò ju nǹkan bí 12,000 lọ. Wọ́n ní ìlù rẹ̀ kò jọ ìlù gidi. Nígbà tí àwọn olówó ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ hip-hop tó dé ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Lónìí, ẹni tí kò rí ẹ̀rọ náà sójú rí ń pe béèsì orin rẹ̀ ní 808.

Bí ẹnì kan bá ní ti Chicago ti pẹ́, ẹ jẹ́ ká wo tòsí. FL Studio tí ọ̀pọ̀ pródúsà ilẹ̀ wa ń lò, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Image-Line ní Bẹ́ljíọ̀mù ló ti wá. Nígbà tó jáde ní 1997, FruityLoops ni wọ́n ń pè é, kò ju ẹ̀rọ ìlù kékeré orí kọ̀ǹpútà lọ, àwọn ọ̀gá inú sítúdíò ńlá sì ń fi ojú ohun ìṣeré ọmọdé wò ó. Ohun ìṣeré yìí ni àwọn ọmọ London gbá mú nígbà tí wọ́n ń dá orin grime sílẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, PlayStation tí wọ́n fi ń gbá géèmù ni wọ́n fi to bíìtì. Agbo yẹn ni Skepta àti àbúrò rẹ̀ JME ti jáde, ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Tottenham. Lọ́dún 2014, fídíò “That's Not Me” tí wọ́n fi £80 ṣe gba ẹ̀bùn fídíò tó dára jù níbi ayẹyẹ ẹ̀bùn orin MOBO. Ní Gúúsù Áfíríkà, ohùn log drum tó jẹ́ ọkàn amapiano, inú DX10 ló ti wá, ohun èlò kan tó wà nínú FL Studio fúnra rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣí kọjá láìwẹ̀yìn. MDU tí wọ́n tún ń pè ní TRP ni wọ́n gbà pé ó sọ ọ́ di ìlù ńlá. Ohùn yẹn náà ló dé Èkó, tí Magicsticks gbé sábẹ́ orin Asake, tó ń ró nínú àwo orin rẹ̀ ti 2022. Steve Lacy ní Amẹ́ríkà kò dúró de kọ̀ǹpútà pàápàá: fóònù iPhone àti sọ́fítíwíà GarageBand ló fi bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì fi wọ́n ṣe wọ inú àwo DAMN. ti Kendrick Lamar ní 2017.

Kò sí idán níbẹ̀. Ẹni tí ohùn ogún péré wà níkàáwọ́ rẹ̀ yóò mọ ogún náà tinú-tòde: yóò mọ èyí tó bá èyí rẹ́, èyí tó ṣe é fà gùn, èyí tó ṣe é lọ́ po títí yóò fi di ohun tí etí kò gbọ́ rí. Ẹni tó kó ohùn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá jọ yóò fi gbogbo alẹ́ tẹ̀ wọ́n gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó rí ìlù kan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, orin tó wá sí i lọ́kàn ti bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ìdílé Àyàn mọ èyí kí iná mànàmáná tó dé. Ọmọ tó ń kọ́ dùndún kì í ti orí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Ìlù kéékèèké tí iṣẹ́ wọn kò pọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ lè dúró, kí etí rẹ̀ sì là. Ní New York, láti 1987 lọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bíìtì hip-hop ló ń lo SP-1200, ẹ̀rọ tí kò lè gba ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ohùn sílẹ̀ lọ. Kí ohùn lè gba ibẹ̀, wọn a gbé àwo tó yẹ kó yí lórí eré 33 sórí eré 45, wọn a gbà á bó ṣe ń sáré, wọn a wá dẹ̀ ẹ́ padà nínú ẹ̀rọ. Ìdẹ̀padà yẹn ló fún bíìtì wọn ní ohùn tó nípọn, tó rí hákahàka. Lónìí, plugin, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n ń fi kún sọ́fítíwíà orin, wà tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ kí orin tiwọn náà rí hákahàka bẹ́ẹ̀. Àìtó tí àwọn yẹn fara dà nítorí wọn ò rí ọ̀nà mìíràn, òun ni àwọn tiwa ń fi owó rà.

Wọ́n lè bi wá pé ṣé ọwọ́ lásán ni kí èèyàn fi ṣe orin. Rárá o. Ibì kan wà tí irinṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ kọjá. Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ tó 8GB, tòkunbọ̀ rẹ̀ wà ní Computer Village n'Íkẹjà. Hẹdifóònù olókùn tí kì í fi béèsì bomi la ohùn. Sọ́fítíwíà kan ṣoṣo. Kíbọ́ọ̀dù olórin wúlò, àmọ́ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe é tẹ bíi dùùrù. Ẹni tí kì í gba ohùn akọrin sílẹ̀ kò tíì nílò máìkì. Ní ilẹ̀ wa, a ní láti fi ọ̀rọ̀ iná kún un: bí owó kékeré bá ṣẹ́ kù, bátìrì tó ń pẹ́ ló yẹ kó gbà á, torí kò sí plugin tó ń dún nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ní ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, máìkì kò lè lé e lọ. Èyí tó wọ́n jù ni yóò gba ariwo rẹ̀ sílẹ̀ kedere jù. Sípíkà sítúdíò tí gbogbo wọn ń lá àlá rẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ohùn béèsì tó wà ní 50 Hz, ìgbì rẹ̀ kan ṣoṣo gùn tó nǹkan bíi mítà méje. Ẹ gbé e sínú yàrá tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́ta, yóò máa kóra jọ sí igun ilé, yóò sì máa pòórá láàárín, títí ẹni tó jókòó kò fi ní mọ èyí tó jẹ́ orin àti èyí tó jẹ́ ògiri. Fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò sì lè dá béèsì dúró. Ó kàn ń jẹ́ kí fọ́tò dára ni.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn olùgbọ́ ti mọ ohùn tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó dọ̀tí, wọn ò ní dárí jini. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó yẹn kò sí níbi tí wọ́n ń wá a sí. Etí èèyàn, ti ọ̀dọ́ tó gbọ́ràn dáadáa pàápàá, kì í gbọ́ kọjá nǹkan bí 20,000 Hz, 44.1 kHz tí wọ́n ti ń lò fún CD láti 1982 sì kárí rẹ̀ tán. Ẹni tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ orin di alariwo kí ó lè bo ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, kó mọ̀ pé Spotify ń fa gbogbo orin sí nǹkan bíi -14 lórí LUFS, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo orin. Ariwo tó fi ààwẹ̀ wá, wọn a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Sípíkà Yamaha NS-10 tó di òṣùwọ̀n ní sítúdíò káàkiri ayé, ilé ni wọ́n ṣe é fún ní 1978, kò sì ní orúkọ rere nílé. Àwọn ẹlẹ́rọ orin gbà á torí pé kì í bo àléébù mọ́lẹ̀, orin tó bá dùn lórí rẹ̀ yóò dùn níbi gbogbo. Àwo orin Billie Eilish tó gba Grammy àwo tó ga jù lọ ní 2020, yàrá ilé òbí wọn ní Los Angeles ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Finneas ti ṣe é. Ohun tó ń mú ohùn mọ́ ni kí béèsì àti ìlù ńlá má jọ du ibì kan náà, kí á yọ ohun tí kò ṣe dandan kúrò, kí á gbọ́ iṣẹ́ wa lórí fóònù lásán àti nínú ọkọ̀ ká tó ní ó ti tó. Kò sí èyí tí wọ́n ń tà nínú wọn.

Ẹnì kan yóò tún ní, “William Onyeabor ńkọ́?” Ó jàre kó bi wá. Ní Enugu, nígbà tí ẹlòmíràn ń wá owó okùn gìtá, ọkùnrin yìí ti kó kíbọ́ọ̀dù elékítíróníìkì olówó iyebíye láti òkè òkun jọ sínú sítúdíò ara rẹ̀, ó sì ń tẹ àwo fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè pè é ní akúṣẹ̀ẹ́ tó ń ṣọ́ owó ná. Àmọ́ ẹ wo ohun tó fi wọ́n ṣe: láti 1977 sí 1985, àwo mẹ́jọ ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, tí àwọn ọmọ òde òní fi ń jó di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹjọ́ ohun tó rà, àwo mẹ́jọ ló fi rò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń ya fọ́tò níwájú tábìlì tó kún fún iná wínníwínní: iṣẹ́ ló ra tábìlì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi tábìlì ra iṣẹ́ ti ka ìtàn wọn láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n á fi ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ yìí, torí lójú tiwọn, kò kàn wọ́n: wọn kò náwó kankan, kíráàkì ni gbogbo tiwọn. Wọ́n ti gba plugin tí iye rẹ̀ tó owó mọ́tò sórí láptọ́ọ̀pù tí kò lè ṣí méjì papọ̀ láìdákú. Ká tilẹ̀ fi ti olè jíjà sílẹ̀, ká fi fáírọ́ọ̀sì tó ń bá kíráàkì rìn sílẹ̀, ẹni tó kó ọgọ́rùn-ún irinṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi owó kó wọn. Yíyàn ni yóò jẹ àwọn méjèèjì lójọ́ ayé. Bẹ́ẹ̀ èyí tó tọ́ tí kò ní owó nínú wà. LMMS jẹ́ ọ̀fẹ́, Audacity jẹ́ ọ̀fẹ́, BandLab ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, Vital tó jáde ní 2020 ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó lè ṣe ohùn tí kò lópin. Reaper fún èèyàn ní 60 ọjọ́ láti dán an wò, ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì di olówó sì jẹ́ $60. FL Studio pàápàá ní ẹ̀dà ìdánwò tí kò ní ọjọ́ ìparí: èèyàn lè fi ṣe orin, kó sì gbé orin náà jáde, àmọ́ bó bá pa á dé, kò ní lè ṣí iṣẹ́ náà padà títí yóò fi sanwó. Àwọn èèyàn ń ráhùn sí èyí bí ẹni pé ìyà ni. Bí a bá rò ó dáadáa, ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di òfin fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, torí òun nìkan ni sọ́fítíwíà tó ń fipá mú èèyàn parí orin lójú ìjókòó kan.

Nígbà tó jẹ́ pé gbogbo èyí kò pamọ́, kí ló dé tí wọn ò jáwọ́? Àwọn ọlọ́jà ní ẹjọ́ jẹ́, dájúdájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yẹ irinṣẹ́ wò lórí fídíò ń gba kọmíṣàn lórí ohun tí olùwòran bá rà láti abẹ́ fídíò náà, ta ni yóò wá gba kọmíṣàn lórí “lọ lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ”? Àmọ́ ọlọ́jà kì í ta ohun tí ọkàn kò fẹ́ rà. Ohun tí à ń rà lọ́wọ́ wọn gan-an ni ìdádúró. Ẹni tó ń retí máìkì tuntun kò tíì kùnà. Ẹni tó ń gba plugin sílẹ̀ lọ́wọ́ ṣì ń múra ni. Títí yóò fi múra tán, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ orin rẹ̀ kó yínmú. Lọ́jọ́ tó bá gbé orin jáde ni àṣírí yóò tú pé ìlù rẹ̀ kò tẹ̀ lé ara wọn, pé orin dídùn tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò bá a dé ọwọ́. Ìtìjú yẹn ni owó orí tí gbogbo ẹni tó mọ orin ṣe lónìí ti san, wọn kò sì ní gba plugin dípò rẹ̀. Orin àkọ́kọ́ yóò burú. Ẹ̀kẹwàá lè má burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó parí orin mẹ́wàá tó burú pẹ̀lú hẹdifóònù kan ti mọ ohun tó kù fún un láti rà, tí ó bá tilẹ̀ kù. Ẹni tó ra ohun èlò mẹ́wàá láìparí orin kankan, ìwé ẹ̀rí owó nìkan ló lè mú jáde.

Ká má sì fi gbogbo ẹnu bú àwọn tó ń rà tí wọn kì í lò. Wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn láwùjọ, bí wọ́n bá lè ṣe é tán. TB-303 kì bá tí dé ọwọ́ àwọn ọmọ Chicago bí kò bá sí àwọn tó fi owó gidi rà á lákọ̀ọ́kọ́, tí ó sú wọn, tí wọ́n tà á lọ́pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti di ibi tó ń sá aṣọ sí, kó nu eruku orí rẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì kọ ìdá mẹ́ta iye tó rà á sábẹ́ fọ́tò náà. Ọmọ kan wà ní òpópónà kejì tí kò lówó, tí kì í wo fídíò torí dátà, tó sì ti to bíìtì méje sórí fóònù lóṣù yìí. Kó pè é, kó má yọ owó lórí rẹ̀ jù, kó sì fi wáyà rẹ̀ kún un.